Iye Ẹsẹ̀ Tó Gba Ihò Ògiri Kọjá

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Láti àárọ̀ yìí lọ, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó ti ka ènìyàn tó mi láyé. Kí àwọn onímọ̀ ìṣirò wá, kí àwọn tó ń ka gbogbo ìlú wá, kí wọ́n tò síwájú ilé wa kí wọ́n kí mi. Wákàtí mẹ́ta gbáko, aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, mo jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ògiri ẹ̀yìn yunifásítì. N kò mu omi, n kò yí ọrùn, n kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Eṣinṣin bà lé mi nímú, mo jẹ́ kó sinmi. Mo ka 611 ènìyàn àti ajá méjì. Ojú mi mú débi pé mo lè tọ́ka sí ẹni tó wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Màámi ló rán mi. Gíwá yunifásítì ni wọ́n láti bí oṣù mẹ́wàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ètò ìlú tí wọ́n ti ń ṣe tipẹ́ kò tíì kúrò lára wọn. Bí àlejò bá wọlé, kí wọ́n tó bi í pé ṣé àlàáfíà ni, wọ́n á ti bi í pé ọ̀nà wo ló gbà. Ọdún kan ni ìgbìmọ̀ alákòóso yunifásítì fi dán wọn wò. Ìparí oṣù keje ni wọ́n máa sọ bóyá wọ́n á jókòó lórí àga náà tàbí wọ́n á padà sí kíláàsì. Ohun tí Màámi sì gbé lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ ni àwòrán bí wọ́n ṣe fẹ́ tún gbogbo yunifásítì tò: ibi tí ọkọ̀ á gbà, ibi tí ẹsẹ̀ á gbà, àti géètì gidi níbi ihò yìí. Alága ìgbìmọ̀ ní rárá, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí i pa, torí ibẹ̀ ni àwọn olè gbé kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án gbà jáde lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá fẹnu kò: bí àwọn tó ń gbabẹ̀ láàárọ̀ bá tó 500, géètì. Bí wọn ò bá tó, búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ márùn-ún la ó fi kà á.

Màámi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa ilà: mẹ́rin lóròó, ìkarùn-ún dábùú. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ni kí o kà, má ka orúkọ. Ẹni tó bá lọ tó sì bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni." Wọ́n ní torí pé mo ń jókòó lásán lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n ṣe mú mi. Èmi mọ̀ pé torí ojú mi ni.

Búrẹ́dì ti gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i. Bó bá ṣe ń lọ yìí, a ó máa fi rán ẹ̀wù bíi bọ́tìnnì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Oòrùn mú. 598. Ìyá kan pọn ọmọ, ó fa òmíràn lọ́wọ́, ẹ̀kẹta ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú wọn. Mo fa ilà mẹ́ta. Mo ronú díẹ̀ lórí èyí tó wà lẹ́yìn, mo fi í sílẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

Mo gbé ìwé lọ bá akọ̀wé àgbà yunifásítì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Rúlà nítorí bó ṣe ń rìn. Ó wo 611, ó wo 598, ó wo ojú mi. Ó ní ṣé èmi kọ́ ni mo sọ níjọ́sí pé ààrá sán pa kẹ̀kẹ́ mi. Èmi náà ni. (Kòtò ni kẹ̀kẹ́ náà já sí. Èmi ni mo wà lórí rẹ̀.)

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," ó ní, "kì í ṣe ìtàn la ní kí o kọ wá."

Àwọn obìnrin inú ọ́fíìsì rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tòló ọ̀rẹ́ mi, tó ń ka ti géètì iwájú, dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ọrùn rẹ̀ fi pọ́n. Ọrùn yẹn náà ló sọ ọ́ ní Tòló. Kò sẹ́ni tó wo ìwé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo délé, Màámi náà bi mí, jẹ́jẹ́, pé ṣé ó dá mi lójú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo sọ òótọ́ pọ́nńbélé lọ́dún yìí, wọ́n wò mí bí ẹni tó jí ìkòkò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò bẹ̀rẹ̀ láago márùn-ún, irú èyí tó lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Mo mú agboòrùn jáde, mo dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀. Wọ́n ń ṣàfihàn bọ́ọ̀lù àná lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, aago mẹ́sàn-án ti kọjá.

Ibẹ̀ náà ni mo ti fa ilà sórí ìwé. Ọwọ́ mi ń lọ sí 600, mo rántí ojú Rúlà. Mo kọ 143. Ó dà bíi nọ́ńbà ọmọlúàbí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Àdúgbò wa na àdúgbò òkè ní góòlù mẹ́rin sí ọ̀kan, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Èmi ni mo gbá mẹ́fà wọlé nínú mẹ́rin náà. 187.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo sùn gbàgbé. 162.

Ní ọ̀sán mo tẹ́ ìwé márààrún sílẹ̀, wọn kò bára mu. 611, 598, lójijì 143, 187, 162. Ẹni tó bá wò ó á rò pé ìlú ti ṣí lọ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo lè gbé mẹ́ta tó kẹ́yìn sókè, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ìtàn ni mò ń kọ. Mo bá fa méjì àkọ́kọ́ wálẹ̀ sórí ìwé tuntun: 211, 198. Mo ká ìwé ti tẹ́lẹ̀, mo tì í bọ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi.

Mo lọ bá Rúlà, mo doríkodò. Mo ní kó má bínú, pé mo ti fi kún un lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀, pé èyí ni òótọ́. Ó dìde. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ àgbàlagbà lọ́wọ́. Ó ní mo ti ń di ènìyàn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti sọ fún Màámi, Màámi sì gbá mi mọ́ra pé mo ṣeun tí mo tún un ṣe.

Ọjọ́ tí mo parọ́ jù láyé mi ni wọ́n kọ́kọ́ yìn mí fún òótọ́.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Màámi kó gbogbo nọ́ńbà jọ sínú kọ̀ǹpútà lórí tábìlì oúnjẹ. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Nígbà tí wọ́n dé orí ti ihò ògiri, wọ́n dúró. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nu ún, wọ́n tún fi wò ó. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 180.

Wọ́n sọ fún Bàámi pé bóyá ojú tiwọn ló ti ń tan àwọn jẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún wọn ní awakọ̀, géètì iwájú ni wọ́n ń gbà, ó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ti dé ẹ̀yìn. Bàámi ní kí wọ́n lọ fojú ara wọn wò ó. Wọ́n ní rárá, bí àwọn bá ti ní ká kà á, ohun tí a bá kà náà ni.

Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo jẹun lẹ́ẹ̀mejì péré.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Alága ìgbìmọ̀ kò dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ọkọ̀ ńlá kan já búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ ihò láàárọ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ tò ó dé àyà mi. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ afárá ni Alága, kì í fi iṣẹ́ falẹ̀.

Bàbá aránbàtà tó ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà nítòsí ihò pè mí. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ènìyàn, wọn kì í sábà gbójú sókè.

"Ọ̀gá olùkà," wọ́n ní, "ọjọ́ méjì ni mo rí bàtà rẹ níbí. Àwọn yòókù ńkọ́?"

Mo ní mo wọ òmíràn. Wọ́n ní àwọn mọ méjèèjì tí mo ní, àwọn náà sì ni àwọn lẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sídìí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù pa. Ká ní wọ́n bú mi, ì bá sàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ihò bá dí. Mo tẹ̀lé ògiri láti ẹ̀yìn lọ yí po dé géètì iwájú, mo gba inú yunifásítì jáde sí ibùdókọ̀ àti ilé ìwòsàn. Wákàtí mẹ́ta ni, oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di èédú.

Mo tún un wò lórí aago: ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Bí èèyàn bá gba ihò, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Ọmọ ilé ìwé kan tó gbé báàgì tó tóbi ju ara rẹ̀ lọ bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́. Mo ní n kò mọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Màámi ní ọ́fíìsì. Àwòrán ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ nínú férémù, tó ní ilà pupa kan láàárín. Gbogbo àlejò ló ń yìn ín, èmi náà rò pé ẹ̀bùn kan ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gba nọ́ńbà gbọ́ ju ojú ara wọn lọ. Wọ́n fi ṣíbí tọ́ka sí férémù náà.

"Àṣìṣe mi ni mo gbé kọ́ yẹn."

Wọ́n wá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n nígbà náà, ní ọ́fíìsì ètò ìlú. Àwòrán àwọn ọ̀gá ni wọ́n ti ń dà kọ fún ọdún méjì kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n fa ilà tiwọn. Títì ńlá ni ilà pupa náà. Àwọn ọ̀gá rán wọn lọ ka àwọn tó ń sọdá níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá títì náà nílò ibi ìsọdá. Wọ́n kà á fún ọjọ́ márùn-ún, wọn ò fo ẹnì kan. Ènìyàn kò pọ̀, wọn ò sì fi ibi ìsọdá sí i. Ìgbà tí títì parí ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ ìsinmi ilé ìwé ni wọ́n lọ kà. Ilé ìwé kan wà lódì kejì, gbogbo ọmọ ibẹ̀ wà nílé.

"Mo kà á dáadáa," wọ́n ní. "Ọ̀sẹ̀ tí kò yẹ ni mo kà á. Ọkọ̀ gbá ọmọkùnrin kan níbẹ̀, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ. Mo mọ ilé rẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tí wọ́n padà lọ kàwé, tí wọ́n wá ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ètò ìlú fún ọdún mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n di ọ̀gá ẹ̀ka, títí wọ́n fi di gíwá. Gbogbo ọ́fíìsì tí wọ́n dé ni férémù náà ń bá wọn dé. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, àwọn kò jẹ́ fi ilà sórí bébà láìjẹ́ pé ẹnì kan ti jókòó níbẹ̀ tó kà á ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí mo fi kà á yẹ. Wọ́n ti wo kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo kó àwo, mo lọ sílé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò. N kò sọ irọ́ kankan lónìí, torí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bàámi ń dín apá ẹ̀wù tí Màámi máa wọ̀ lọ sí ìpàdé. Nígbà tí wọ́n bá ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ máa ń wà lẹ́nu wọn, ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti bá wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn: wọn kò lè já lu ọ̀rọ̀ èèyàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ mẹ́ta lẹ́nu, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gún wọn mọ́ apá àga.

"Lọ sọ fún un báyìí, kó tó di pé oúnjẹ délẹ̀. Má fi nǹkan kún un. Má sì yọ nǹkan kúrò."

Màámi wà nídìí àwọn àwòrán wọn lórí tábìlì.

"Màámi, 611 yẹn, òótọ́ ni."

Wọn ò gbójú sókè. "Èwo ni 611?"

"Ti ọjọ́ àkọ́kọ́. 598 náà, òótọ́ ni. Mẹ́ta tó kù ni mo hùmọ̀. N kò sí níbẹ̀."

Wọ́n gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "O sọ fún akọ̀wé àgbà pé o fi kún un ni."

"Irọ́ nìyẹn, mà. N kò fi kún un. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́."

Wọ́n ní ìwé àkọ́kọ́ dà. Mo lọ yọ ọ́ lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó ti ní àbàwọ́n òróró. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi ìka tọ àwọn ilà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mẹ́rin, dábùú, mẹ́rin, dábùú.

"O kà á dáadáa," wọ́n ní. "N kò sì lè lò ó."

Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní ẹni tó kà á ti parọ́ lẹ́ẹ̀kan, ilà rẹ̀ kò wúlò mọ́, ìbáà tọ́. Wọ́n ní kí n lọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan, kí n fọwọ́ sí i, kí n má fi ààrá sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ jókòó síbi tí àwọn ò ti ní rí mi fúngbà díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo kọ ojú ìwé kan yẹn. Nígbàkígbà tí mo bá ti kà á tán, nǹkan kan ti yọ́ wọ inú rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìpàdé ìgbìmọ̀. Èmi àti Bàámi jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ó pẹ́ kí wọ́n tó pè mí. Ènìyàn mẹ́tàlá ló yí tábìlì ká. Wọ́n ní kí n ka ìwé mi. Ohùn mi jáde bíi ti ẹ̀fọn.

Alága kò bínú, ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ó yíjú sí Màámi.

"Gíwá, ọmọ yìí parọ́. Ó wá ní òun parọ́. Ó tún ní irọ́ ni pé òun parọ́. Èwo ni ká mú?"

"Ẹ má mú ọ̀kankan," Màámi ní. "Èmi ni mo yan ọmọ mi síbi tí kò yẹ kí n yàn án sí. Àṣìṣe mi ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ da gbogbo nọ́ńbà náà nù. Ẹ wá kà á fúnra yín."

Rúlà ń wo tábìlì. Ẹnì kan ní àkókò kò sí. Alága ní àkókò wà, òun kò níṣẹ́ mìíràn láàárọ̀. Òun àti Rúlà á lọ kà á, pẹ̀lú ẹnì kan láti àdúgbò, ọjọ́ méjì, kálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá tó 500, àwọn á di ihò, àwọn á gbé gbogbo àwòrán Gíwá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì máa múra àtipadà sí kíláàsì.

Màámi ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni gba ìwé owó iná.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Rúlà pàdé mi ní títì, ó kọjá bí ẹni kò rí mi. Ó rìn tọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò winniwinni. Alága gbé ọkọ̀ dúdú rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ihò gan-an, ó mú ẹ̀ṣọ́ méjì tó wọ yunifọ́ọ̀mù dání. Òun, Rúlà àti Bàbá aránbàtà jókòó sórí àga ọ́fíìsì mẹ́ta lábẹ́ agboòrùn ńlá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé àga wá kí n sì gbé e padà. Láàárín méjèèjì, wọ́n ní kí n dúró ní igun òpópónà, níbi tí n kò ti ní rí ihò, kí n má baà kọ ẹ̀dà tèmi.

486, 489, 491.

N kò tíì rí kí Màámi jókòó sílé láìṣí pẹ́ńsù lọ́wọ́. Lónìí wọ́n jókòó.

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan ní igun yẹn. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Wọ́n á yọrí ní igun, wọ́n á rí ọkọ̀ dúdú, wọ́n á rí yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á yí padà láìsọ nǹkan kan, wọ́n á gba ọ̀nà tó yí ògiri po lọ. Ọmọ ilé ìwé tó gbé báàgì ńlá wà nínú wọn. Èmi náà ì bá yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé àdúgbò yìí mọ̀ pé bí a bá rí yunifọ́ọ̀mù nídìí ihò, kì í ṣe ọjọ́ tó dára láti gbabẹ̀. Àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ kò lè mọ èyí. Ẹni tó yí padà kò dé iwájú wọn kí wọ́n tó kà á.

Mo kà wọ́n. Mo kọ nọ́ńbà náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ìgbà tí mo gbé àga padà, mo ti nu ún nù. Nọ́ńbà wo ló máa jáde lẹ́nu mi tí wọn ò ní rẹ́rìn-ín?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí Alága tó jókòó, mo lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi dé igun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Rúlà ní kí n má bẹ̀rẹ̀ o.

Alága wò mí. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Àwọn tó ń yí padà, sà."

"Mélòó ni wọ́n?"

Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"N kò ní sọ, sà. Ẹ wá wò ó."

Alága tẹ̀lé mi. A dúró lẹ́yìn òpó iná, èmi àti alága ìgbìmọ̀, bí ẹni ń sá fún òjò. Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì yọ, ó wo ọkọ̀, ó kẹ́dùn, ó yí padà. Ọkùnrin méjì. Àwọn ọmọ ilé ìwé márùn-ún, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí wọ́n má baà pẹ́. Mo rí ètè Alága tí wọ́n ń kà á sínú.

Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Alága ti ní kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ lọ sí géètì iwájú, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá a lọ. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n fi wọ́n lé mi lọ́wọ́, wọ́n wọ abẹ́ àtíbàbà lọ jókòó sórí àpótí Bàbá aránbàtà pẹ̀lú bàtà kan lórí itan bí ẹni tó gbé e wá lẹ̀. Wọ́n ní kí a fa ti àná ya, òní àti ọ̀la ni kíkà. Rúlà kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó bí ènìyàn lásán, wọ́n ní kó lọ dúró lẹ́yìn igi.

634, 633, 636. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí ti Rúlà fi kéré jù. Bàbá aránbàtà ní ìgbà tó sín ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

607, 607, 609. Alága ní kí Bàbá aránbàtà bá àwọn lẹ bàtà náà lóòótọ́, ó ti la ẹnu.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje

Ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé ìparí ọdún. Ènìyàn mẹ́sàn-án gbà, mẹ́rin kọ̀. Géètì, pẹ̀lú iná àti ẹ̀ṣọ́ kan tí kò ní wọ yunifọ́ọ̀mù, ìyẹn sì jẹ́ àbá Alága. Màámi máa jókòó lórí àga náà fún ọdún mẹ́rin sí i. Wọ́n tún fún wọn ní ìwé ìbáwí nítorí ọmọ tí wọ́n fi ṣe olùkà. Màámi ka ìwé náà fún wa nídìí oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní àwọn ń lọ ra férémù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fẹ́ fi dí ihò ni wọ́n fi ń kọ́ àtẹ̀gùn géètì náà. Ìjìyà tèmi ni kí n máa gbé e fún àwọn bíríkìlà láti àárọ̀ di ọ̀sán títí wọ́n á fi parí. Èjìká mi ti bó. Tòló wá wò mí, ó jókòó, ó ń ka iye tí mo gbé sókè ketekete. Mo ní kó máa fi díẹ̀ kún un.

Màámi kọjá láti ibùdókọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wọn, bàtà wọn dọ̀tí. Wọn kì í jẹ́ kí awakọ̀ gbé wọn láàárọ̀ mọ́. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ní mélòó ni mo kà ní igun lọ́jọ́ náà. Mo ní 117. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní ó dára, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ. Wọn ò bi mí pé ṣé ó dá mi lójú.

Torí náà kí n tún ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣe. Mo mu omi, ike méjì. Mo yí ọrùn. Mo ṣẹ́jú bí gbogbo ayé ṣe ń ṣẹ́jú. Kò sí eṣinṣin. N kò mọ bàtà ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni, Bàbá aránbàtà ló mọ ìyẹn. 611 jẹ́ 611.

Ajá méjì ni irọ́ tó kù. Màámi á ní méjì náà ni, torí ẹsẹ̀ la ń kà. Ṣùgbọ́n ajá kan ni mo rí. Ó lọ, ó sì bọ̀.